Kọ̀ǹpútà Fẹ́lẹ́ Nínú Àpótí Irin

Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, Akọ̀wé Adégbìtẹ́ rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tó fúyẹ́ débi pé eṣinṣin mẹ́ta lè gbé e fò. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kó má lọ fọ́ lọ́nà ìpàdé ìlú. Ló bá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wé e, ó tì í mọ́ inú àpótí irin bàbá rẹ̀, ó sì gbé e rù.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi ṣubú gbì.

Ìyàwó rẹ̀ sáré ṣí àpótí. "Bàbá Àdùnọlá, ẹ fọkàn balẹ̀, kọ̀ǹpútà ò fọ́."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ fọ́. Ṣé kí n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí wé yín?"