Ohùn Ọ̀gá Tó Ṣe Àmín
Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, fóònù orí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ wa n'Íbàdàn dún, ohùn Ọ̀gá Ògúnṣakin sì gba inú ọ́fíìsì kan: "Àrínọlá, ka nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí gbogbo ìlà fóònù wa fún mi. Bí mo bá ka ẹẹ́wàá tán tí o kò tíì sọ ọ́, máa lọ sílé yín." Àwọn olè ti ń fi ẹ̀rọ jí ohùn èèyàn ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n ohùn yìí ní ìbínú Ọ̀gá, ó ní ikọ́ rẹ̀, ó sì ti ka dé ẹẹ́fà. Àrínọlá, akọ̀wé Ọ̀gá, kúnlẹ̀ níwájú fóònù bí ẹni pé ó ń rí i, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, n ò tíì kí yín. Ẹ kú ìsìnkú Màmá yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ohùn náà kò ka eéje mọ́, ó rọlẹ̀: "Àmín, o ṣeun. Ó yá, nọ́ńbà dà?" Àrínọlá fa wáyà fóònù yọ. Ìyá Ọ̀gá, tó ti ń dúró de ọmọ rẹ̀ lórí àga àlejò láti àárọ̀, rọra tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọmọ mi kọ́ ló ṣe àmín sí ìsìnkú mi yẹn. Àmọ́ ẹni tó mọ ikọ́ rẹ̀ tó báyìí kò jìnnà sí wa. Lọ ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má jáde."