Ogun Tàbí Ogún

Ọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Ọládòkun, tí ó ń ṣeré orí ìtàgé. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ipa ẹrú, oníbodè tàbí òkú ni wọ́n máa ń fún un. Nígbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní ipa àrólé nínú eré àtijọ́ kan tí gbogbo ìlú fẹ́ràn. Inú rẹ̀ dùn, ó gba ìwé eré náà, ó jókòó tì í.

Ẹni tó kọ ìwé náà kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kankan. Gbólóhùn tí àrólé fi ń kádìí eré ni èyí: "Ogun ni baba mi fi sile fun mi." Gbogbo ẹni tó ti ṣe àrólé rí, ogún ni wọ́n ń pè é. Wọn a na ọwọ́ sí oko, wọn a gbọn agbádá, èrò a pàtẹ́wọ́, aṣọ ìkélé a sì wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí rí nǹkan kan lábẹ́ gbólóhùn náà. Ìwé ní kí ìyá àrólé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ó tú gèlè bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò sí ẹni tó ń ṣe é.

"Ọ̀gá," ó bi í nígbà ìdánrawò, "ọmọ jogún, ìyá ń tú gèlè. Kí ló dé?"

"Ooru ló ń mú un."

Àwọn eléré bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, mi ò ṣàwàdà."

"Èmi náà ò ṣàwàdà. Pe ogún, kí a máa lọ sílé."

Ọkùnrin náà kò jẹ́ kó tán síbẹ̀. Ó padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ó kà á, ó tún un kà. Ibẹ̀ ni bàbá àrólé ti fa pèrègún ààlà oko tu, tó lọ gbìn ín sí àárín ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Èrò máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí bàbá náà ń jó bó ṣe ń gbìn ín. Láti ìgbà náà lọ, àwọn ọmọ aládùúgbò kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú eré. Wọ́n kàn ń kọjá ni, wọ́n ń pọ́n àdá. Orí ilẹ̀ yẹn gan-an sì ni àrólé dúró sí tó ń sọ̀rọ̀.

Ó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá lọ. "Ogun ni, ọ̀gá. Kì í ṣe ogún."

"Ọládòkun, ẹ̀rín ni èrò ń bọ̀ wá rín. Bí o bá pè é ní ogun lójú agbo, bọ́ agbádá yẹn sílẹ̀, kí o padà sídìí òkú tí ò ń ṣe."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kúkú sọ pé òun gbà.

Ọjọ́ eré pé. Àrólé na ọwọ́ sí oko. Kò gbọn agbádá. Ó wo ibi tí pèrègún wà títí ẹnì kan láàárín èrò fi wúkọ́. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́, jẹ́ẹ́jẹ́: "Ogun ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi."

Obìnrin tó ń ṣe ìyá ti gbé ẹsẹ̀ láti jó wọlé, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ náà kò lọ mọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí gèlè. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ìyá arúgbó kan láàárín èrò ló kígbe: "Yéè! Ẹ bá wọn dá pèrègún padà!"

Okùn aṣọ ìkélé wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò lè fà á.

Ìwọ tí o ní o ti ka ìwé àtijọ́ kan tán, tàbí tí o ní o mọ sinimá àtijọ́ kan dé ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ohùn tí àwọn tó ṣáájú rẹ fi pè é ni o gbọ́. O kò tíì kà á. Wá ibi tí ọ̀rọ̀ kò ti bá ìṣe mu, kí o dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, má kúrò. Padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kà á títí yóò fi yé ọ. Nígbà tó bá yé ọ, là á sọ, ìbáà jẹ́ ìwọ nìkan ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.