Ìyẹ́ Tó Tán Létí Odò

Ọmọ kan ṣoṣo ni Sàlàkọ́ bí láyé, Àíná lorúkọ rẹ̀. Àbúrò kan ṣoṣo ló sì ní, Ìgè, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tí ebi kì í jẹ́ kó ronú. Ní ayé ìgbà náà, àwọn ará Ìlóyè kì í sin àgbà sí oko. Bí àgbà bá kú sí abà, wọ́n á gbé e wálé. Ẹnì kan á mú adìẹ ṣáájú, á máa tu ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà abà títí dé ojú oórì, kí òkú lè máa tọ ìyẹ́ náà bọ̀. Adìẹ ìrànà ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n bá délé tán, àwọn tó ru òkú á sè é jẹ.

Àìsàn ikọ́ dá Sàlàkọ́ dúbúlẹ̀ sí abà nígbà ọyẹ́. Àíná ló ń bu omi sí i lẹ́nu, òun ló ń gbé e jáde sóòrùn. Ìgè ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wà nílé, ó ń ránṣẹ́ kí i.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́, Sàlàkọ́ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Àíná, má jẹ́ kí n ṣìnà o. Ojú mi ti ṣú, mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́.”

“Ẹ ò ní ṣìnà, Bàbá mi. Èmi ni n ó ṣáájú yín.”

Bí wọ́n ṣe túfọ̀ báyìí, Ìgè kó ọkùnrin mẹ́fà lẹ́yìn, ó dé abà láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó bá Àíná tó gbé adìẹ funfun mọ́yà.

“Kí ni mò ń rí yìí? Obìnrin ni yóò ṣáájú òkú ẹ̀gbọ́n mi? Kí wọ́n lè sọ pé kò sí ọkùnrin nílé wa mọ́, àbí?”

“Bàbá, mo ti ṣèlérí fún bàbá mi.”

“O ṣèlérí ohun tí kì í ṣe tìẹ! Gbé adìẹ wá.”

Háà, wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí! Sàlàkọ́ wà nínú ẹní níbẹ̀, eṣinṣin ń kùn lórí rẹ̀, Ìgè ń ka ẹ̀tọ́ ọkùnrin. Nígbà tí Àíná rí i pé bàbá òun ni ìyà ọ̀rọ̀ náà ń jẹ, ó gbé adìẹ lé Ìgè lọ́wọ́, ó bú sẹ́kún.

Wọ́n gbéra. Kùrukùru ọyẹ́ bo igbó, ẹsẹ̀ àwọn tó ru òkú kò dún lórí ewé tútù. Ìyẹ́ funfun ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀nà náà dà bí ọ̀nà tí èèyàn ń rí lójú àlá. Àíná ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ẹnì kan lẹ́yìn òun, ó ń rọra wúkọ́, ikọ́ bàbá rẹ̀ tó ti ń gbọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dá a dúbúlẹ̀. Ẹ̀rù kò bà á. Inú rẹ̀ dùn, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n dé etí odò, wọ́n sọ òkú kalẹ̀ láti sinmi. Ebi ń pa Ìgè. Ó wo adìẹ ọwọ́ rẹ̀, ìyẹ́ ṣì kù lára rẹ̀ dáadáa.

“Ẹ wò ó,” ló wí, “ta ló ṣìnà láti odò yìí délé rí? Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ọmọ àná.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dáná, wọ́n sun adìẹ. Ìgè na itan kan sí Àíná.

“Mi ò jẹ, Bàbá. Ìyẹ́ ò tíì délé.”

“Ó dáa, tèmi ni.”

Láti odò lọ, Àíná kò gbọ́ ikọ́ mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́. Wọ́n sin òkú, wọ́n túká.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìgè sùn lọ́sàn-án. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó létí odò, tó kó ìyẹ́ kún ọwọ́. “Ìgè, èyí tó kù dà?” Ó ta jí. Ó tún sùn, ó tún rí i. Láàárín ọjọ́ méje, oúnjẹ kò wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, Ìgè tí ẹ mọ̀ yẹn! Ó bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Ewúje lọ, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé wọn, ó rọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá Ewúje pe gbogbo wọn jọ. “Ẹ mú adìẹ mìíràn. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìyẹ́ ti tán.”

Ìgè nawọ́ sí adìẹ. Ìyá Ewúje gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. “Fi sílẹ̀! Ẹni tó jẹ adìẹ àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ tún tu òmíràn fún òkú kan náà. Ta ni kò jẹ nínú yín?”

Gbogbo ọkùnrin dorí kodò. Àíná nìkan ló gbójú sókè.

Ó padà sétí odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́. Kò pẹ́, ikọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń rìn, ikọ́ náà ń tẹ̀ lé e, títí ó fi ju ìyẹ́ tó kẹ́yìn sójú oórì. “Bàbá mi, ilé rèé o.” Ikọ́ náà dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìgè tó dúró nítòsí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bímọ, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Àíná, ọmọ mi, lọ́jọ́ tèmi, ta ni yóò tu ìyẹ́ fún mi?”

“Èmi ni, Bàbá. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà kí ebi má pa àwọn tó bá rù yín.”

Ìgè fọwọ́ bo ẹnu, àwọn mẹ́fà tó bá a jẹ adìẹ àkọ́kọ́ sì ń wojú ara wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti di ohun tí àgbà fi ń kìlọ̀ fún ọmọ aráyé pé: adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun à-jẹ-gbé.