Onígìtá Tó Ń Sọ Ẹrù Lójú Ọ̀nà

Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tó mọ ohùn fíríìjì ju ohùn ara rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún fíríìjì ṣe. Bí ó bá gbé etí lé ẹ̀yìn fíríìjì rẹ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi sọ àrùn tó ń bá a jà, kì í sì í ṣì í sọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, gìtá ló máa ń ta ní ìjọ. Ó ti ń ta á láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìjọ náà kò tí ì mọ irú ẹni tí wọ́n ní.

Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Orin ìkórè ìjọ wọn, èyí tí olórí akọrin fúnra rẹ̀ kọ, lọ báyìí pé: "Iṣu ta, àgbàdo gbó, a rù ú délé." Bí ọkùnrin yìí bá ti ta á dé "a rù ú," ìka rẹ̀ ní láti fi ìsàlẹ̀ ọrùn gìtá sílẹ̀ kó lọ sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ìka á gbéra, kò ní í rí ibi tó ń lọ, á dúró, onítọ̀hún á tẹ orí ba láti wá a. Gbogbo akọrin á la ẹnu sílẹ̀ dè é. Nígbà tó bá wá rí "délé," á máa bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Olórí akọrin fara dà á fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹta, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Ọ̀gá fíríìjì, ìwọ nìkan ni yóò bẹ̀rẹ̀ orin yìí lọ́jọ́ ìkórè, ẹsẹ kan gbáko, kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Ṣùgbọ́n ìdánrawò ìkẹyìn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o bá tún dúró sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, màá gbé e fún oníkíbọ́ọ̀dù. Ìwọ á lọ jókòó ti àwọn tó ń pàtẹ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọkùnrin náà lára. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nílé rẹ̀ lákòókò náà. Ó ti abúlé wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun, Mofìyìn. Ọkùnrin náà sì ti sọ fún un, láàárín oúnjẹ alẹ́, pé yóò fojú ara rẹ̀ rí i lọ́jọ́ ìkórè bí ọkọ ọmọ rẹ̀ yóò ṣe dá dúró níwájú gbogbo ìjọ. Ẹni tó bá ti fọ́nnu fún àna rẹ̀, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ dógò.

Olórí akọrin kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó fún un ní àpótí kékeré kan kó máa fi dánra wò nílé. Irú àpótí tí wọ́n ń so gìtá mọ́ kí ohùn rẹ̀ lè ròkè ni, èyí tí àwọn onígìtá ń pè ní kọ́ńbò. Kò tóbi ju páálí mílíìkì lọ, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń sín àwọn kọ́ńbò ńláńlá jẹ. Kókó kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń yí, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí yípo. Nọ́ńbà tí o bá yí i sí, ohùn tirẹ̀ ló máa jáde. Òǹtajà kan ló gbé e wá fún ìjọ pé kí wọ́n dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Olórí akọrin ní kí ọkùnrin yìí dán an wò dáadáa, kó sì kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kí ìjọ lè mọ̀ bóyá kí wọ́n gbà á.

Wo ẹni tí wọ́n fi ṣe adájọ́. Ó ra ìwé tuntun. Ó gbé àga sí àárín pálọ̀, ó so gìtá mọ́ àpótí, ó fi hẹ́dífóònù bo etí rẹ̀ méjèèjì kí ariwo má baà jí ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́. Ní nọ́ńbà kìíní, ohùn gìtá lásán ló jáde, bí ó ṣe ta á gan-an. Kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Èyí kò wúlò," ó sì yára yí kókó kúrò níbẹ̀. Nọ́ńbà kejì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀kẹta ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Ìgbà tó dé nọ́ńbà kẹfà, ó gbé ìwé sílẹ̀.

Nọ́ńbà kẹfà dún bí ẹni pé inú kàtídírà ńlá ló jókòó sí. Bí ó bá ta okùn lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà á gbéra, á lọ kan àjà, á padà wá, á tún lọ. Ó ta orin ìkórè. Ó dé "a rù ú," ìka rẹ̀ sì ṣìnà bó ti máa ń ṣìnà. Ṣùgbọ́n ohùn tó ti ta ṣáájú ṣì ń rìn kiri nínú kàtídírà náà, kò jẹ́ kí àlàfo kankan hàn. Kí ó tó lọ tán, ìka ti rí "délé." Omi bọ́ lójú ọkùnrin náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Àpótí yìí ti wo ìka mi sàn."

Má tí ì rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó wà ní pálọ̀ ń gbọ́.

Òun nìkan ló wà nínú kàtídírà. Gìtá oníná kì í ké fún ẹni tí kò fi hẹ́dífóònù sétí. Ó kàn ń ṣe kọ́kọ́kọ́ ni, bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọkùnrin náà ń kọrin, kò sì mọ̀ pé òun ń kọ ọ́ sókè, nítorí etí rẹ̀ ti dí. "Iṣu ta, àgbàdo gbó, a rù ú." Á dákẹ́. Kọ́kọ́kọ́ náà á dákẹ́. Á di ojú, á máa mi orí nítorí adùn ohùn tó ń gbọ́. Ó ṣe díẹ̀, á wá ní, "Délé."

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, "Bàbá Mofìyìn, ibì kan wà nínú orin yẹn tí ẹ máa ń dúró sí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín àánú. Ó ní, "Ohun tí mò ń gbọ́ kọ́ lò ń gbọ́. Wá."

Ó bọ́ hẹ́dífóònù kúrò létí ara rẹ̀, ó fi bo ìyàwó rẹ̀ létí, ó sì ta orin náà. Ẹnu ya obìnrin náà. Ó ní, "Ó mà dùn o." Láti ọjọ́ náà kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ fi bo ìyá ìyàwó rẹ̀ náà létí, ṣùgbọ́n Màmá ní òun kò tí ì dití tí òun yóò fi máa bo etí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó bá tirẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta sí ìdánrawò ìkẹyìn. Ọkùnrin yìí gbàgbé ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀ kan sílé, ó sì padà wá mú un lọ́sàn-án gangan. Bí ó ti fẹ́ wọlé, ó gbọ́ ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì yọjú wò ó. Màmá pọn ọmọ sẹ́yìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fi orin ìkórè rẹ ọmọ náà. "Iṣu ta, àgbàdo gbó, a rù ú." Ó dúró. Kò kọrin, kò rìn, kò mi ọmọ. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sójú kan bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Délé," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Àánú Màmá ṣe ọkùnrin náà. Ó rò pé ọjọ́ ogbó ló ń mú un gbàgbé orin. Ó súnmọ́ ọn, ó kí i.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Orin yẹn kì í dúró níbẹ̀, mà. Tààrà ló lọ."

Màmá wò ó. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni mò ń ta á."

Màmá ní, "Bí ẹ ṣe ń ta á ni mo ṣe kọ́ ọ. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń dúró níbẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ẹrù ni. Ẹni tó ru iṣu láti oko, ṣé kò ní í sinmi lójú ọ̀nà ni? Mo tiẹ̀ sọ fún ìyá ọmọ pé ẹni tó kọ orin yìí mọ oko."

Inú bí ọkùnrin náà. Kò fi hàn, nítorí àna kì í ṣe ẹni tí à ń bínú sí. Ó wọlé, ó gbé gìtá, ó fa okùn hẹ́dífóònù yọ, ó sì yí kókó àpótí sí nọ́ńbà kìíní, èyí tó ní kò wúlò, kí Màmá lè gbọ́ orin náà ketekete bó ṣe ń lọ tààrà. Ó ta á. Ó dé "a rù ú." Ìka rẹ̀ gbéra, ó ṣìnà, ó dúró. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí kàtídírà kankan níbẹ̀ tí yóò bá a dí àlàfo. Ó tún un ta. Ó tún dúró.

Láti ẹ̀yìnkùlé, Màmá ní, "Ẹ ṣé o. Wọ́n ti sọ ẹrù."

Ojú ti ọkùnrin náà títí ó fi dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ọjọ́ mọ́kànlá ló ti fi jókòó ti àléébù rẹ̀, tó ń di ojú, tó ń mi orí sí i. Ẹ̀rù tún bà á, nítorí tayọ̀tayọ̀ ni ì bá fi lọ síbi ìdánrawò lọ́jọ́ Sátidé láti lọ dójú ti ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Èyí tún wá jókòó sórí ọ̀nà wíwọ́ náà, ó ń yìn ín.

Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn."

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Ọkùnrin náà á máa ta gìtá, Màmá á máa rìn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí ó bá dúró sí, Màmá náà á dúró síbẹ̀, kò sì ní í gbé ẹsẹ̀ títí ìka á fi rí ọ̀nà. Lọ́jọ́ kìíní, Màmá dúró títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ó ní ẹrù yìí mà wúwo fún iṣu lásán. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà dẹ ọwọ́, ó ń ta á jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, ìdúró náà sì dín kù. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ta á dé "a rù ú," ó sì bọ́ sí "délé" láìdúró. Màmá ń rìn lọ. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló la ẹnu, tó fi igbe bọnu. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò sí ẹni tó tí ì ru iṣu yẹn délé rí láìsinmi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣe ìdánrawò. Ọkùnrin náà kò ta á bí àgbà onígìtá. Ohùn rẹ̀ tiẹ̀ tín-ín-rín níbì kan. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ láti oko, ó sì délé. Olórí akọrin mí kanlẹ̀, ó ní kó máa múra ọjọ́ ìkórè sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè àbọ̀ lórí àpótí.

Ọkùnrin náà ti fa gbogbo ewé ìwé rẹ̀ ya. Ó ní, "Ó dára, sà. Mi ò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó má ṣe yí i kúrò ní nọ́ńbà kìíní títí ìyá ìyàwó rẹ̀ yóò fi gbọ́ ọ."

Ọ̀rẹ́ mi, o ti rẹ́rìn-ín tó. Ìwọ lo wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n bá ọ bá ìyàwó rẹ wí, nítorí kì í bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. O ní níbi iṣẹ́ wọ́n ń pè ọ́ ní oníwà tútù. O ní nínú ẹgbẹ́ wọ́n ń fi ọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Mo gbà. Ìyìn àwọn ará òde ń lọ, ó ń bọ̀ létí rẹ, o sì ti pẹ́ nínú rẹ̀ tí o kò fi gbọ́ ibi tí o ti ń ṣìnà. Àwọn ará ilé rẹ kò gbọ́ ìyìn yẹn. Ìwọ alára ni wọ́n ń gbọ́, ní nọ́ńbà kìíní, lójoojúmọ́. Má ṣe rò pé àléébù náà ti tán nítorí pé wọn kò ráhùn mọ́. Ó ti sú wọn láti máa ráhùn, wọ́n sì ti kọ́ ọ mọ́ orin.

O tún fọ́nnu fún mi pé àwọn ọmọ rẹ lẹ́kọ̀ọ́, pé bí ọkọ̀ rẹ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ló sọ fún ọ pé ẹ̀kọ́ ni? Lọ sílé. Má bá ìyàwó rẹ wí, èmi náà kò ní í bá a wí. Jókòó tì í, bi òun àti àwọn ọmọ léèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́, kí o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán.