Kùmọ̀ Irin Tí Ẹtu Gbé Lọ Sógun

"Ẹ̀yin ọmọ, ta ló lè sáré bí Ẹtu?"
"Kò sí, Màmá!"
"Ó dáa. Àlọ́ mi rèé o!"
"Àlọ̀!"

Ogun dé igbó. Ìnàkí ń pín ohun ìjà: ó fún Ẹfọ̀n ní kùmọ̀ irin, ó fún Ìkookò ní ọ̀kọ̀, ó na ọrun fúyẹ́fúyẹ́ sí Ẹtu. Ogun lé wọn. Ẹfọ̀n dé, Ìkookò dé, Ẹtu kò dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ ń gbé iṣu sísun sójú ọ̀nà. Ẹ gbè é:

"Ẹtu mi, iṣu ń tutù o."
"Máa bọ̀ wálé!"

Ẹfọ̀n ní, "Kùmọ̀ irin ló wúwo jù fún un, kò lè sáré."
"Ta ló gbé kùmọ̀ fún ọmọ mi?"
Ìnàkí ní, "Ọrun ni mo fún un. Ẹnì kan ló dá a padà, tó gba kùmọ̀ irin dípò rẹ̀, tó ní ọmọ òun kì í ṣe ọmọdé. Ẹ̀yin ni, Ìyá Ẹtu."