Ọ̀nà Tí Akínṣọlá Yẹ̀

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àjèjì nílẹ̀ wa, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Akínṣọlá. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun fúnra rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn kan fẹ́ fi tọ́jú àkọsílẹ̀ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn. Òun náà ló fi àdá yẹ ọ̀nà tó ti títì wọ ibi iṣẹ́ wọn, ó sì máa ń fi yangàn pé kò sí ọ̀nà tó tọ́ tó o.

Òfin kan wà níbẹ̀. Ètò kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi tí ẹni tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ bá lò ó fún ọjọ́ méje, kí ẹni tó ṣe é sì jókòó sẹ́yìn, kó panu mọ́. Òfin yìí bí Akínṣọlá nínú. Ó ní òun ti dán an wò nígbà ogójì, kò kọsẹ̀ rí. Ọ̀gá wọn, Baba Láníyọ̀nu, kò bá a jiyàn. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Ṣubúọlá, tó ti lo ogún ọdún nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní kóòtù, pé kó wá lò ó.

Ọjọ́ márùn-ún lọ láìsí wàhálà, inú Akínṣọlá ti ń dùn. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyá náà tẹ orúkọ ọgbọ̀n aláìsàn àti irú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó fa díìsìkì tí ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sí yọ, iná pupa tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ kò tíì kọ ọ́ tán ṣì ń tàn. Nígbà tó dá a padà, gbogbo orúkọ pé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

Akínṣọlá gbàgbé òfin. "Mà, ta ló ní kí ẹ yọ ọ́?"

"Mo ti parí ni, ọmọ mi. Béèyàn bá tẹ̀wé tán, ṣé kì í fa bébà rẹ̀ yọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Fún ọdún mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń dúró kí iná yẹn kú kó tó yọ díìsìkì, láìfura. Ó ro ti aláìsàn tí wọn ì bá fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu sí lára. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í.

Baba Láníyọ̀nu mú un lọ sétí títì, ó ní kó dúró, kó wo ọ̀nà tó yẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gba ibẹ̀, kò dúró wò ó rí. Ọ̀nà náà wọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Àwa tí à ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ la ti rí i," ni baba wí.

Akínṣọlá padà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ṣubúọlá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún jókòó sídìí ẹ̀rọ. Oṣù mẹ́rin sí i kọjá kí ètò náà tó jáde. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní òun ti yẹ iṣẹ́ òun wò tó, ohun tí àwọn àgbà fi ń dá a lóhùn ni pé ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́.