Ilẹ̀ Tí Jiya Rà

Jiya, alágbẹ̀dẹ idẹ láti ilẹ̀ Tápà, ti lo ọdún márùn-ún ní ìlú Ìdí-Ọsàn kí ó tó ra ilẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń gbé, ẹ̀yìn yàrá náà ni ó sì ti ń rọ idẹ. Onílé ti sọ fún un pé kí òjò tó dé, kí ó kó iná rẹ̀ kúrò ní àgbàlá òun.

Bí Lágbàyí, ọmọ ìlú kan, ṣe gbọ́ ni ó wá a wá.

“Tápà, ilẹ̀ lò ń wá? Àṣé ilẹ̀ náà ń wá ọ!”

Ó mú un lọ sí ibi tí ilé ńlá kan ti wó, tí koríko ti bo àlàpà rẹ̀.

“Ti ta ni, ẹ̀gbọ́n?” ni Jiya béèrè.

“Ti bàbá mi. Ibí yìí ni mo ti kọ́ ìrìn.”

“Ẹbí ńkọ́? Ṣé wọ́n gbọ́ sí i?”

Lágbàyí lu àyà. “Èmi ni ẹbí.”

Jiya rò pé olórí ẹbí ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ẹmu ṣe àdéhùn, àwọn ọ̀rẹ́ Lágbàyí méjì sì ṣe ẹlẹ́rìí. Gbogbo idẹ tí Jiya ti rọ láti ọdún márùn-ún ni ó kó fún un.

Ní ọjọ́ kẹta tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀, ìyá arúgbó kan dúró tì í. Ìyá Àwẹ̀ró ni, láti oko ni ó ti ń bọ̀.

“Tápà, o kú iṣẹ́ o. Ta ló ní kí o máa gbẹ́ ilé bàbá mi?”

Ọkọ́ Jiya dúró sókè.

Wọ́n dé iwájú Baálẹ̀. Lágbàyí mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ méjèèjì wá. Ìyá Àwẹ̀ró kò mú ẹnì kankan wá, nítorí oko ọ̀nà jíjìn ni àwọn àbúrò rẹ̀ wà.

“Obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ láti ogójì ọdún!” ni Lágbàyí wí. “Ṣé ilé ọkọ ti wó ni, ìyá, tí ẹ fi ń wá tiwa?”

“Ilé ọkọ mi dúró dáadáa. Orí tìrẹ ni n kò mọ̀ bóyá ó dúró.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan sọ sí Jiya létí pé, “Ìjà onílé kì í ṣe tìrẹ. Di ẹrù rẹ, kí o máa lọ.”

“N kò lọ,” ni Jiya dáhùn, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀. “Baba, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí àlejò bá dé, onílé a mú un yí ilé ká. Èmi ni àlejò. Kí àwọn méjèèjì mú mi yí ilẹ̀ náà ká lójú yín, lọ́kọ̀ọ̀kan.”

“Ìyẹn nìkan?” ni Lágbàyí wí. “Ẹ jẹ́ ká lọ!”

Òun ni ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, gìrìgìrì, ó ń fi bàtà tẹ koríko mọ́lẹ̀. “Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rèé! Ibí ni ìdáná!” Nígbà tí ó dé àárín, ó fò sókè, ó tún fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. “Ẹ wò ó bó ṣe le tó! Ilé alájà méjì ò lè rì níbí!”

Ó kan Ìyá Àwẹ̀ró. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ni ó ń gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé àárín, ó dúró, ó yà sí òsì, ó rìn yí ká, ó tún bọ́ sí ọ̀nà rẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀, ìyá?” ni Jiya béèrè.

“Bàbá mi ni.”

“Irọ́!” ni Lágbàyí kígbe. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ láti àárọ̀?”

“A kì í pariwo ibi tí bàbá ẹni sùn sí. Baálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ha ilẹ̀ náà díẹ̀. Àpáàdì tí a tò ní ìbú lé orí ibojì rẹ̀ ni ẹ ó rí. Èmi ni mo fi orí rù wọ́n wá.”

Jiya fúnra rẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ha erùpẹ̀. Àpáàdì àkọ́kọ́ yọ. Èkejì yọ. Gbogbo wọn wà ní ìbú, bí ìyá ti wí, níbi tí Lágbàyí fò lé gan-an.

Baálẹ̀ nàka sí àwọn àpáàdì náà.

“Lágbàyí, àyà ta ni o fò lé?”

Lágbàyí fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà ilé. Ọjọ́ náà ni Baálẹ̀ mú kí ó dá idẹ Jiya padà, kò ku ẹyọ kan.

Ṣùgbọ́n Jiya kò tíì ní ilẹ̀, òjò sì ń ṣú. Ó tọ Ìyá Àwẹ̀ró lọ.

“Ìyá, mo ṣì fẹ́ ra ilẹ̀.”

“Èmi nìkan kọ́ ni ẹbí, ọmọ mi. Lọ pe àwọn àbúrò mi wá.”

Jiya kò dúró jẹun. Oko mẹ́ta ni ó rìn dé. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo ẹbí pé, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì wọn ìhà ìdí igi ọsàn kan lórí ilẹ̀ náà fún un, níbi tí ẹnì kankan kò sùn sí. Kí ó tó wọ ibẹ̀, ó tẹríba, ó bọ́ bàtà rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lẹ́nu àwọn àgbà: onílẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì ní í tẹ̀ ẹ́ gìrìgìrì.